Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ eré ìje ìrànwọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Mọ́kọ́lá, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje kìlómítà 21, ìdajì marathon, tí a fẹ́ sá nínú oṣù kẹsàn-án láti fi kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn èèyàn ti ṣèlérí iye tí wọn yóò san lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí mo bá sá, àwọn ọmọ náà yóò sì dúró níbi òpin eré láti pàtẹ́wọ́ fún wa. Màmá mi ní òjò yóò dá ibà sí mi lára, pé kí n jáwọ́. Ṣé kí n gbọ́ tiwọn? Bí òjò bá sì lé mi kúrò lójú ọ̀nà, báwo ni ti owó náà yóò ṣe jẹ́?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ màmá yín sẹ́yìn. Ẹni tí omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣojú rẹ̀, tí ti ọdún 2011 tún bá láyé, kò lè rí i kí ojú ọ̀run ṣú ní Ìbàdàn kí àyà rẹ̀ má já. Ṣùgbọ́n òjò kì í dá ibà síni lára. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn, ohun tí òjò sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju omi tó dá rógún sílẹ̀ lọ, níbi tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń sáré, ara yín yóò máa móoru fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dúró nínú aṣọ tutù ni òtútù ń wọlé.

Nítorí náà, ẹ sá eré yín. Ẹ má wọ aṣọ òwú, nítorí ó máa ń fa omi mu, á wúwo, á sì máa ha ara. Nígbà tí èmi fúnra mi sá irú eré yìí nínú òjò ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìbọ̀sẹ̀ ká jọ sábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Mo rò pé òkúta wẹ́wẹ́ ló kó sí bàtà, mo sì ń bá eré lọ. Nígbà tí mo bọ́ bàtà náà, omi tó ti pupa ni ó ṣàn jáde nínú rẹ̀, ìléròrò tó bẹ́ kò sì jẹ́ kí n lè wọ sálúbàtà fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi òrí pa àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀, abíyá àti itan kí n tó jáde.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ilẹ̀ tí ẹ kò rí. Gọ́tà tí kò ní ìdérí pọ̀ ní ìlú wa, bí àgbàrá bá sì ti bo títì, ẹnikẹ́ni kì í mọ ibi tí ọ̀dà parí sí. Omi tó ń ṣàn kíkankíkan, tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, nítorí náà ẹ yà fún un. Bí ààrá bá ń sán, ẹ wọ inú ilé tàbí inú mọ́tò, ẹ má sá sábẹ́ igi, kí ìṣẹ́jú 30 sì kọjá lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn kí ẹ tó tún jáde.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ kò bèèrè, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kà á: àwọn ọmọ tí yóò dúró láti pàtẹ́wọ́. Nínú ara ọmọ tó ní àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n sì máa ń há sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín. Òtútù a sì máa mú kí àwọn iṣan náà tún fún sí i. Ibẹ̀ ni ìrora egungun ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣé ọmọ tí a torí rẹ̀ sáré ni yóò wá dúró nínú òjò fún wákàtí méjì, kí ó lè yẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá sí, tí yóò sì fi gbogbo òru ké irora? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn tó ṣètò eré náà sọ ọ́ nísinsìnyí. Kí àwọn ọmọ wà nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n ní aṣọ tó nípọn àti omi tó pọ̀ láti mu, kí ẹ̀yin tí ẹ sáré sì lọ bá wọn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwòrán ojú títì ni yóò wu àwọn olówó, ẹ má gbà fún un.

Ní ti owó, iye kìlómítà tí ẹ bá sá ni kí ẹ sọ. Bí ààrá bá dá yín dúró ní kìlómítà 12, ẹ kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ṣèlérí ní ọjọ́ kejì, ẹ sọ pé 12 ni, ẹ sì sọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá fẹ́ san ti 12 kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá sì fẹ́ san án pé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ àwọn ọmọ náà.

Kí màmá yín bá yín mú aṣọ gbígbẹ àti ìborùn dání dé òpin eré, kí àwọn náà sì dúró sábẹ́ òrùlé.