Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìlú Tí Àwọn Ìyá Ń Darí

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo fẹ́ kọ ìtàn nípa ìlú tí obìnrin ń darí. Ṣé kí n kàn fi obìnrin jọba, kí ọkùnrin máa sìn wọ́n?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ni ilẹ̀, ilé tí ọmọ ń gbé àti ẹni tó lè rọ olóyè lóyè. Láàárín àwọn Minangkabau ní Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ilé àti oko ìrẹsì ìdílé ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin. Láàárín àwọn Khasi ní Íńdíà, àbígbẹ̀yìn obìnrin ló ń jogún ilé, òun náà ló sì ń tọ́jú òbí. Síbẹ̀, arákùnrin ìyá ló sábà máa ń pàṣẹ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìnà: wọ́n ka ogún sí àṣẹ. Ẹ wá wo àwọn Haudenosaunee ní Àríwá Amẹ́ríkà: ọkùnrin ló ń joyè, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìdílé ló ń yàn án, àwọn náà ló sì lè rọ̀ ọ́ lóyè. Agbára gidi nìyẹn!

Baba ńkọ́? Láàárín àwọn Mosuo ní Ṣáínà, ọkùnrin sábà máa ń bá àwọn arábìnrin rẹ̀ tọ́ ọmọ wọn. Ẹ fún àwọn ọkùnrin inú ìtàn yín ní irú ojúṣe bẹ́ẹ̀.