Alpha tó ga kò sọ ìtumọ̀ yín di òṣùwọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà. Mo túmọ̀ ìbéèrè mẹ́wàá Edinburgh, tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ìyálọ́mọ, sí Yorùbá. Ìyá 60 ti dáhùn rẹ̀, Cronbach's alpha, nọ́ńbà kan tí a ń ṣírò láti inú ìdáhùn wọn, sì ga dé 0.88. Ṣé mo lè máa fi sọ fún àwọn ìyá báyìí pé wọ́n ní àìsàn náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti bi mí ní irú èyí, alpha yìí náà ló sì máa ń tan gbogbo yín jẹ.

Ohun tí alpha ń sọ kò ju pé àwọn ìbéèrè náà ń bára wọn rìn. Kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́wàá lórí ẹ̀fọ́rí nìkan, kí ẹ pè é ní òṣùwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: alpha á ga, ẹ̀fọ́rí lẹ ṣì ń wọ̀n.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìbéèrè kẹfà nínú ti Edinburgh fi àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nǹkan ń gorí ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tú u sí "Nǹkan ń gùn mí lórí". A jókòó ti ìyálọ́mọ kan tó ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ gbọ́ nínú èyí?" Ó fọwọ́ kan gèlè rẹ̀. "Ẹ̀fọ́rí ni. Àbí òrìṣà lẹ ní ó ń gùn mí ni?" Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. A yí i sí "Apá mi ò ká nǹkan mọ́". N kò tíì kà á tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé rẹ̀ fún wa.

Nígbà tí Cox, Holden àti Sagovsky gbé òṣùwọ̀n yìí jáde ní Scotland lọ́dún 1987, wọ́n fi máàkì ìyá 84 wé ohun tí àyẹ̀wò ìṣègùn ọpọlọ sọ nípa ìyá kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ààlà tiwọn, ìyẹn ibi tí máàkì ìyá máa dé kí wọ́n tó fura sí àìsàn náà: láàárín 12 sí 13 nínú 30. Ààlà tiwọn nìyẹn. A ò lè yá a lò bẹ́ẹ̀ fún tiwa.

Iṣẹ́ tó kù fún yín nìyẹn. Kí ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí tú Yorùbá yín padà. Kí ẹ bi àwọn ìyá ní ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kí oníṣègùn ọpọlọ tí kò mọ máàkì wọn wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí máàkì wọn kéré, kí ẹ lè mọ iye aláìsàn tí òṣùwọ̀n yín mú àti iye tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń gba owó, ó ń gba àkókò; ẹ bá olùkọ́ yín sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pàápàá, "ó yẹ kí dókítà rí yín" ni ẹ ó máa sọ, kì í ṣe "àìsàn wà lára yín". N kò rí iṣẹ́ yín, n kò sì lè fọwọ́ sí i láti ibí.

Ọ̀kan wà tí kò lè dúró. Ìbéèrè kẹwàá ń bèèrè bóyá ìyá ti ronú àtiṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ padà sídìí ìwé 60 yẹn lónìí. Ẹni tó bá mú ìdáhùn yòówù tó yàtọ̀ sí "rárá", ẹ má ro máàkì rẹ̀ pọ̀ mọ́: ẹ wá a lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú.