Ìtumọ̀ Rabelaisian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín obscene, bawdy àti Rabelaisian, nítorí olùkọ́ kan ti sọ fún yín pé ìsọkúsọ lásán ni gbogbo wọn. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, torí pé ẹni tó bá da àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sínú igbá kan kò ní í mọ ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń yin ènìyàn yàtọ̀ sí ìgbà tó ń bú u.

Obscene jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́: òun ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1959 lò fún ìwé tó lè ba ìwà òǹkàwé jẹ́. Bawdy ní ẹ̀rín nínú. Ara bawd ló ti yọ, ìyẹn alárinà àgbèrè, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ló sábà máa ń dá lé.

Rabelaisian ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. François Rabelais, ará Faransé tí a ti ara orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí, ṣe mọ́ǹkì, ìyẹn ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìsìn Kristi, kí ó tó di dókítà ní ìlú Lyon, ó sì tẹ ìwé ìtàn Pantagruel jáde ní 1532 lábẹ́ orúkọ Alcofribas Nasier, èyí tó jẹ́ pé lẹ́tà orúkọ tirẹ̀ náà ló tún tò. Nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, òmìrán Gargantua gba etí ìyá rẹ̀ wá sáyé, igbe ọtí ló sì kọ́kọ́ ké. Òtítọ́ ni pé àjẹkì, ọtí, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kún inú ìtàn náà, ṣùgbọ́n àwọn mọ́ǹkì ọ̀lẹ àti àwọn ọ̀mọ̀wé Sorbonne, ilé ẹ̀kọ́ ìsìn ní Paris, ni ó ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, Sorbonne sì dá a lẹ́bi. Àìbẹ̀rù ẹni ńlá yìí, pẹ̀lú ìmọ̀ ìwé tó jinlẹ̀, ni mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ abẹ́ lọ kò tíì tó ẹni tí à ń pè ní Rabelaisian, nítorí ìyìn ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ó dùn mí pé ìtumọ̀ ìlà kan lórí fóònù ti tẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lọ́rùn, tí wọn kò sì bìkítà nípa ẹni tó ni orúkọ tí wọ́n ń pè. Ẹ gbọ́ ti orúkọ mìíràn tó di ọ̀rọ̀: dókítà ni Thomas Bowdler, ará Gẹ̀ẹ́sì, náà. Ní 1818 ó tẹ iṣẹ́ Shakespeare jáde lẹ́yìn tí ó ti gé gbogbo ohun tí kò ṣeé kà sókè níwájú ìyàwó àti ọmọ. Orúkọ tirẹ̀ di bowdlerize, kí a gé ìwé títí adùn rẹ̀ yóò fi tán, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í fi í yin ẹnikẹ́ni.