Omi tó ń padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkàn bàbá mi kò lágbára mọ́, omi sì gbára jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa lítà 1.5 jáde, ara tù wọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n tún ń mí gúlegúle. Kí ló dé tí wọn ò fà á tán?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Bí wọ́n tilẹ̀ fà á tán, yóò padà. Ọkàn tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń sun jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ kò kan ìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, bí ẹ̀dọ̀fóró tó ti súnkì bá ṣàdédé nà, òun fúnra rẹ̀ lè wú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń dúró ní nǹkan bíi lítà 1.5.

Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi furosemide, ni ìtọ́jú gan-an. Àárọ̀ ni kí wọ́n lò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ìkejì má kọjá ọ̀sán, kí oorun má baà dàrú. Bí ikùn bá wú, ìfun náà lè wú, oògùn oníhóró kò ní wọ ara dáadáa, dókítà lè wá fi abẹ́rẹ́ fún wọn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi kún un fúnra yín: ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dín pọtásíọ̀mù, èròjà kan tí ara nílò nínú ẹ̀jẹ̀, kù.

Ẹ ra òṣùwọ̀n. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí wọ́n tó jẹun, ẹ wọn bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Ẹ má dúró de ìgbà tí èémí bá ń ká wọn.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, àti ti inú búrẹ́dì àti oúnjẹ agolo. Èyí tó ń dùn wá jù ni oògùn orúnkún: ibuprofen àti diclofenac ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó láìsọ fún dókítà.

Omi ti ọkàn sábà máa ń wà lápá méjèèjì. Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo, tàbí ibà àti ìrora àyà bá a rìn, ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ omi náà wò. Bí bàbá kò bá lè sọ̀rọ̀ tán nítorí èémí, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ní ìjókòó, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀.