AjoOsu kò rí self.owo: ẹ kọ́kọ́ wo __init__ yín

Ẹ kú wàhálà. Ẹ ní kíláàsì Ajo (àpẹẹrẹ tí a fi ń dá nǹkan nínú ètò) ní `self.owo` (self ni nǹkan tí a dá yẹn fúnra rẹ̀), AjoOsu sì jogún Ajo, síbẹ̀ Python, èdè tí ẹ fi kọ ètò náà, ní: `AttributeError: 'AjoOsu' object has no attribute 'owo'`. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo mọ bó ṣe máa ń sú èèyàn.

Ẹ wo `__init__` tí ẹ kọ sínú AjoOsu, ìyẹn iṣẹ́ tó máa ń ṣètò nǹkan tuntun tí a bá dá láti inú kíláàsì. Bí kíláàsì ọmọ bá ti ní tirẹ̀, Python kì í pe ti òbí mọ́. Ọmọ jogún àwọn method (iṣẹ́ tí kíláàsì mọ̀ ọ́n ṣe) lóòótọ́, ṣùgbọ́n `self.owo` ò sí nílẹ̀ títí `__init__` òbí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa fi `super()`, tó dúró fún òbí, pè é:

```
class AjoOsu(Ajo):
    def __init__(self, oruko, osu):
        super().__init__(oruko)
        self.osu = osu
```

Ẹ má fi self sínú àkámọ́ ìlà super yẹn o. Èmi fi í sí i, Python sì ní `takes 2 positional arguments but 3 were given`. Mo kà á títí, n ò rí ẹ̀kẹta, àṣé Python ti fi self síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko kò tilẹ̀ mú àṣìṣe kankan jáde. Mo ń kọ ètò fún àǹtí mi tó ń gba àjọ ojoojúmọ́. Mo tẹ 500 fún oníbàárà àkọ́kọ́. Mo ṣí káàdì ẹnì kejì tí kò tíì san kọ́bọ̀, 500 ti wà níbẹ̀! Ẹ̀rù bà mí, torí owó olówó ni. `sisan = []` ni mo kọ sábẹ́ `class Ajo:` gangan, lókè `__init__`. List (àkójọ) kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wá ń lò. `print(a.sisan is b.sisan)`, tí a àti b jẹ́ oníbàárà méjèèjì, ló tú àṣírí rẹ̀: True ló tẹ̀ jáde. Mo gbé e wọ inú `__init__`, mo sọ ọ́ di `self.sisan = []`, oníkálukú sì gba tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fi `print(vars(self))` sí ìlà tó ṣáájú ibi tó ti ń kọṣẹ́. Ohun tó wà nínú nǹkan yẹn gan-an ni yóò kà fún yín. Bí ẹ bá rí `_Ajo__owo` níbẹ̀, `self.__owo` ni ẹ kọ sínú òbí. Python ti fi orúkọ kíláàsì kún un, ọmọ kò sì lè fi `__owo` lásán rí i. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn náà: Python gba `owó`, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni lójú rẹ̀ sí `owo`.

Bí owo ò bá tíì yọjú lẹ́yìn tí ẹ bá fi super sí i, ẹ fi ohun tí vars tẹ̀ jáde hàn mí, ká jọ wò ó.