Èsì: Kì í ṣe ikú ló dá kòtò yẹn sí i

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ìlà kan kúrú lójijì bíi kòtò láàárín àwòrán ọjọ́ orí àwọn ará Jàpáànì (ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń fi iye àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba hàn, ọkùnrin ní apá kan, obìnrin ní apá kejì), ẹ sì bi wá bóyá àjàkálẹ̀ àrùn ló pa àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀. Rárá o, wọn ò bí wọn ni. Ọdún 1966 nìyẹn, ọdún tí kàlẹ́ńdà wọn àtijọ́ ń pè ní Ẹṣin Oníná. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́ta ọdún ló ń dé, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé obìnrin tí wọ́n bá bí nínú rẹ̀ á le koko, á sì máa pa ọkọ. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya bá rọra yẹra fún oyún. Ọmọ tí wọ́n bí fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti 1965.

Ẹ yọ ọjọ́ orí ìlà náà kúrò nínú ọdún tí wọ́n ka èèyàn, ẹ ó rí ọdún ìbí wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wádìí.

Kòtò tí ogun bá dá sílẹ̀ máa ń yàtọ̀: apá ọkùnrin ló máa ń jẹ jù, bíi ti Rọ́ṣíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwòrán ti orílẹ̀-èdè Qatar tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, apá ọkùnrin wú bọ̀ǹbọ̀ láàárín nítorí àwọn tó wá ṣiṣẹ́ láti òkè òkun.