Èsì: Ṣé kí n máa pa server ìpamọ́ mi lálẹ́ nítorí owó iná?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní server yín ní díìsìkì 4, owó iná sì ń ga, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ máa pa á lálẹ́. Ẹ má tíì pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn iná tó ń fà níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń fa wáàtì 60 tọ̀sán-tòru, kWh 1.44 ló ń jẹ lójúmọ́, ìyẹn bíi 526 lọ́dún.

Díìsìkì gan-an ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Díìsìkì ńlá kan tó ń yí lásán ń jẹ bíi wáàtì 4 sí 6. Tó bá sùn (tó dáwọ́ yíyí dúró), kì í sábà ju 1 lọ. Lórí Linux, àṣẹ `hdparm -S 241 /dev/sda` (`/dev/sda` ni orúkọ díìsìkì kan) á mú un sùn tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi `hdparm -C /dev/sda` yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń sọ "active/idle" ṣáá dípò "standby", nǹkan kan ló ń jí i, ó sì sábà máa ń jẹ́ log (àkọsílẹ̀ ohun tí server ń ṣe) tàbí database (ibi tí ètò ń kó dátà sí). Ẹ kó ìyẹn lọ sórí SSD (díìsìkì tí kì í yí). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sí ìṣẹ́jú 5: sísùn-jíjí lemọ́lemọ́ máa ń tètè gbó díìsìkì.

Ẹ wá ṣí powertop, ètò Linux tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná hàn. Bí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ò bá kọjá C3 (ìpele oorun rẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni oorun ṣe ń jinlẹ̀ sí), ó lè jẹ́ káàdì PCIe (káàdì tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà) tí kò gba ASPM (ọ̀nà tí PCIe fi ń dín iná kù) ló dì í mú. Ẹ yọ káàdì náà, kí ẹ tún iná wọ̀n.